Ibo ló yẹ kí a gbé hítà tí kò ní táǹkì kọ́ sí?

Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ra hítà tí kò ní táǹkì, wọ́n ti bá a gbé e kọ́ ògiri, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ṣí ẹ̀rọ omi ní balùwẹ̀, ó na ọwọ́ sí i: omi tútù. Ó ka ení, ó ka èjì, ó kà á dé ogún, omi ṣì tutù. Ó ní, "Ṣé ẹ ò sọ fún mi pé lójú ẹsẹ̀ ló ń gbóná ni?" Ó pe oníṣẹ́ pé kó wá gbé ayédèrú ọjà rẹ̀ lọ. Oníṣẹ́ dé, ó tú hítà wò, kò sí ohun tó ṣe é. Ibi tí wọ́n gbé e kọ́ sí ni ẹjọ́ wà.

Ọ̀rọ̀ "lójú ẹsẹ̀" yẹn ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Hítà onítáǹkì máa ń mú omi gbóná pamọ́ ni. Ó gbé e sínú ikùn, ó ń mú un gbóná tọ̀sán-tòru, yálà a fẹ́ lò ó tàbí a kò fẹ́. Èyí tí kò ní táǹkì kì í pa nǹkan kan mọ́. Ojú kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ omi. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ omi tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú hítà kọjá, ojú náà á fura, iná á tàn, omi á máa gbóná bó ṣe ń kọjá lọ. Ẹ ti ẹ̀rọ omi pa, iná kú. Òótọ́ ni pé lójú ẹsẹ̀ ló ń gbóná, àmọ́ nínú hítà ni, kì í ṣe lọ́wọ́ yín. Páìpù wà láàárín hítà àti ọwọ́ yín, omi tó ti tutù láti àná ló sì kún inú rẹ̀. Ìyẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde ná.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí bí a ṣe ń yan ibi tí hítà máa wà. A ó wo yíká ilé, a ó rí ògiri kan tó ṣófo lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a ó ní, "Ẹ kọ́ ọ síbẹ̀." Èmi ní ìdí ẹ̀rọ omi tí ẹ ń lò jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ wá máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi kan ibi àkọ́kọ́ tí omi, iná àti èéfín kò ti ní bá yín jà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, kò le. Páìpù kọ́pà oní-mìlímítà 15 wọ́pọ̀ nínú ilé. Mítà kan rẹ̀ ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú méje lítà omi. Bí hítà bá fi mítà 15 jìnnà sí ṣáwà, omi tútù tó lé ní lítà méjì ló dúró sáàárín wọn. Ṣáwà tó ń tú lítà 6 jáde ní ìṣẹ́jú kan á lo bí ìṣẹ́jú àáyá 22 kó tó tú u dànù tán. Ẹ fi ìwọ̀nba àkókò tí hítà fi ń tan iná kún un, ẹ tún fi ooru tí ara páìpù fúnra rẹ̀ máa kọ́kọ́ fà mu kún un. Ẹ ti dúró ní ìhòòhò pẹ́.

Ẹ wá jẹ́ kí páìpù yẹn jẹ́ oní-mìlímítà 22. Omi inú rẹ̀ á ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sún mọ́ lítà 5. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìfọwọ́ kékeré tó ń tú lítà 3 ní ìṣẹ́jú kan ló wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ó lé ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kí omi tó gbóná. Ta ló fẹ́ dúró tó bẹ́ẹ̀ torí àtifọwọ́? Á fi omi tútù fọ̀ ọ́, á bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ hítà ti tan iná, ó ti mú omi gbóná fún ẹni tí kò dúró gbà á, omi ọ̀hún á sì tutù sínú páìpù. Àwọn kan gbà pé bí páìpù bá ṣe tóbi tó ló ṣe dára tó. Ní ẹ̀yìn hítà yìí, páìpù tó bá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ kò mú nǹkan kan wá ju ìdúró lọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ẹ wẹ̀ tán, ẹlòmíràn wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Omi gbígbóná á kọ́kọ́ jáde sí i lára, omi tútù á tẹ̀ lé e, á sì tún padà gbóná. Èyí tó kọ́kọ́ gbóná ni èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nínú páìpù. Èyí tó tutù ni èyí tó gba inú hítà kọjá kí iná tó tàn dáadáa. Kì í ṣe àìsàn, kò sì sí ògiri tẹ́ ẹ lè gbé hítà kọ́ tó máa wò ó sàn. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ó kàn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ ni.

Ẹ lè dán ilé tiyín wò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ gbé ìgò oní-lítà kan sábẹ́ ẹ̀rọ omi tí ẹ ń lò jù, ẹ tẹ aago orí fóònù, kí ẹ ṣí omi bí ẹ ṣe máa ń ṣí i. Bí ìgò bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 10, lítà 6 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá gba 20, lítà 3 ni. Bó bá wá gba 40, lítà kan ààbọ̀ péré ni, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dúró ronú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn hítà wọ̀nyí kì í tan iná rárá bí omi tó ń gba inú wọn kọjá kò bá tó nǹkan bíi lítà méjì ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi tépù wọn ọ̀nà tí páìpù máa gbà, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Páìpù kì í gba àárín yàrá kọjá. Á gun ògiri, á rìn lórí àjà, á tún sọ̀ kalẹ̀. Ibi tó dà bíi mítà 5 lójú lè di mítà 11 kí oníṣẹ́ tó parí.

Bí omi inú ìgò yẹn bá lọ́ra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé táǹkì orí òrùlé ló ń fún ilé yín lómi, láìsí pọ́ǹpù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, gíga nìkan ló ń ti omi. Gíga mítà kan ń fún omi ní ipá tó jẹ́ nǹkan bí 0.1 bar (bar ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ipá omi). Bí omi inú táǹkì bá fi mítà méjì péré ga ju orí ṣáwà lọ, 0.2 bar ni ṣáwà yẹn rí gbà. Ìwé tó bá hítà wá ló máa sọ iye tó ń béèrè; ọ̀pọ̀ ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí yìí gan-an ni mo ti ń rí àṣìṣe kan léraléra. Wọ́n á ní kí hítà sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé kí ipá omi lè pọ̀ sí i, nígbà tí ṣáwà fúnra rẹ̀ ṣì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò ràn án rárá. Gíga tó wà láàárín omi inú táǹkì àti ẹnu ṣáwà ló ń pinnu bí omi ṣe máa tú jáde, ibi yòówù kí hítà dúró sí lójú ọ̀nà. Páìpù tí wọ́n fi kún un láti sọ̀ kalẹ̀ àti láti tún gòkè tún ń fa omi sẹ́yìn ni. Ẹ gbé táǹkì ga sí i, tàbí kí ẹ fi pọ́ǹpù sí ọ̀nà omi tútù kó tó wọ hítà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀ ń tan ara yín.

Ó kù síbi iná. Ká sọ pé hítà oníná mànàmáná ni, tó fẹ́ gbé omi lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan láti ìwọ̀n 20 lọ sí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iṣẹ́ yẹn nílò kìlówáàtì 8 àti díẹ̀, bíi kẹ́tùlù iná mẹ́ta sí mẹ́rin tí wọ́n jọ ń hó lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí iná 230 fóólìtì, ó ń fa nǹkan bí ámpìà 36. Kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tó lè gba irú rẹ̀ mọ́ra. Ó gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ tó nípọn, láti inú àpótí bíréékà tààrà, pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ẹ ń wọ̀n: ọ̀nà páìpù láti hítà dé ṣáwà, àti ọ̀nà wáyà láti àpótí bíréékà dé hítà. Bí ẹ bá ní láti fa ọ̀kan gùn kí èkejì lè kúrú, wáyà ni kí ẹ fà gùn. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó ra wáyà. Omi tútù inú páìpù, ojoojúmọ́ lẹ ó máa tú u dànù. Kìkì pé bí wáyà bá ṣe ń gùn sí i ni oníṣẹ́ iná ní láti mú èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn á máa jẹ iná lójú ọ̀nà, á sì máa gbóná.

Níbi tí iná kì í ti í dúró sójú kan, ẹ fi èyí kún un. Bí 230 bá wálẹ̀ sí 180, hítà kò ní dín díẹ̀. Ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ló máa kù. Hítà kìlówáàtì 3.5 tó ń fi bí ìwọ̀n 17 kún ooru omi lítà 3 ní ìṣẹ́jú kan á máa fi bí 10 péré kún un. Omi tó yẹ kó jáde ní 44 á jáde ní 37. Ẹ lè ṣí hítà kúrò lógiri lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní yí ìyẹn padà.

Ṣé a lè wá kọ́ èyí tó ń lo iná mànàmáná sínú balùwẹ̀? A lè ṣe bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ wá àmì IPX4 lára rẹ̀, ó kéré tán; ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí omi bá ta sí i láti ibikíbi, kò ní wọnú. Súìṣì rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń wẹ̀ lè dé. Ìlànà àgbáyé IEC 60364 ka sẹ̀ǹtímítà 60 sí etí ibi ìwẹ̀ mọ́ ibi ewu, nítorí náà kí súìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá ibẹ̀. Àwọn ilẹ̀ kan tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìta ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni èmi fẹ́ràn jù fún súìṣì: ẹni tó ń wọlé lọ wẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ. Wáyà ilẹ̀ àti bíréékà mìlíámpìà 30 tó ń já bí iná bá ń jò, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ lè ṣe é láìsí wọn.

Ti gáàsì yàtọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré ka ibí yìí kọjá. Hítà gáàsì ń dáná, ohun tó bá sì ń dáná ń mí. Kí propane, ọ̀kan lára gáàsì inú sílíńdà, tó jó tán, ó nílò afẹ́fẹ́ tó tó ìlọ́po 24 rẹ̀. Methane tí páìpù ìlú ń gbé wọlé ń fẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 10. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, iná ọ̀hún kò ní jó gáàsì náà tán, èéfín rẹ̀ á sì ní carbon monoxide nínú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn lójú bí èéfín igi. Ẹni tó ń fà á símú á kàn rò pé orí ń fọ́ òun, pé ó rẹ òun, pé kí òun jókòó díẹ̀. Ìjókòó yẹn ló lè di àìdìde.

Torí náà, hítà gáàsì tó ń mí afẹ́fẹ́ inú yàrá kò gbọdọ̀ wọ balùwẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí èèyàn ń sùn sí, kò gbọdọ̀ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń tì pa. "A máa ń ṣí fèrèsé" kì í ṣe ìdáhùn. Ọjọ́ tí òtútù mú jù ni ọjọ́ tí èèyàn nílò omi gbígbóná jù, ọjọ́ náà gan-an ló sì máa ti fèrèsé. Irú èyí tó fi páìpù tirẹ̀ fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tó sì fi páìpù tú èéfín síta, láìfọwọ́ kan afẹ́fẹ́ inú ilé, sàn púpọ̀. Èyí tó dára jù lójú tèmi ni kí hítà wà lára ògiri tó kan ìta tààrà, kí páìpù èéfín rẹ̀ lè kúrú kó sì jáde wọ́ọ́rọ́. Ẹ wo ibi tí ẹnu páìpù èéfín kọjú sí: kó má wà lábẹ́ fèrèsé, kó má kọjú sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tiyín tàbí ti aládùúgbò, kó má wà ní kọ̀rọ̀ tí ògiri mẹ́ta yí ká, níbi tí èéfín á ti máa pòyì. Kí ẹ sì ra ẹ̀rọ tó ń ké bí carbon monoxide bá wà, kí ẹ fi í sí itòsí ibi tí ẹ ń sùn.

Gáàsì inú sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Propane wúwo tó ìlọ́po kan ààbọ̀ rẹ̀, butane tó ìlọ́po méjì. Bó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ, á lọ sápamọ́ síbi tó bá rẹlẹ̀. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ àti etí kòtò omi ìdọ̀tí kì í ṣe ibi hítà tó ń lò ó. Methane ní tirẹ̀ fúyẹ́, òkè ló ń lọ.

Páìpù gáàsì náà ní ọ̀rọ̀. Hítà ńlá tó lè fún gbogbo ilé lómi lè jó kìlówáàtì tó sún mọ́ 60 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ dé òpin, nígbà tí hítà onítáǹkì gbogbo ilé sábà máa ń jó bíi 12. Páìpù tó ń bọ́ ti tẹ́lẹ̀ lè máà tó bọ́ èyí. Bí ẹ bá ń gbé hítà lọ síbi tó jìnnà sí ibi tí gáàsì ti wọlé, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ṣírò páìpù náà tuntun, kó má kàn so ó mọ́ ti sítóòfù.

Ìta ńkọ́? Ẹ lè gbé èyí tí wọ́n ṣe fún ìta sí ìta, ọ̀rọ̀ èéfín á sì rọrùn. Ẹ má gbé ti inú ilé síta kí ẹ wá fi páànù bò ó. Etí òkun burú fún un, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ á jẹ irin rẹ̀. Níbi tí omi ti ń dì ní àsìkò òtútù, ìta lè bà á jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo: omi tó dì nínú páìpù kọ́pà rẹ̀ á wú, á sì ya á. Ọ̀pọ̀ ní ohun kékeré kan nínú tó ń mú ara rẹ̀ gbóná nígbà òtútù, àmọ́ iná mànàmáná ló ń lò. Bí iná bá lọ lóru ọ̀hún, kò sí ààbò mọ́, àfi bí ẹ bá ti tú omi inú rẹ̀ dànù.

Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ń tú fùlùfúlù sí, fún ibi tí ẹ ń kó blíìṣì tó ń sọ aṣọ di funfun àti ọ̀dà pamọ́, àti fún òkè sítóòfù. Hítà tó ń dáná á fa gbogbo rẹ̀ símú. Ti gáàsì ní fáànù tó ń kùn, ẹ má jẹ́ kó pín ògiri pẹ̀lú ìbùsùn. Èyí tí omi ń kán nínú èéfín rẹ̀ torí pé ó ń fa ooru inú èéfín padà lò, ẹ gbé e sún mọ́ ibi tí omi yẹn lè ṣàn lọ. Omi náà kan díẹ̀ bí àsíìdì, kò yẹ kó máa ṣàn lórí sìmẹ́ǹtì.

Nígbà míì, ìdáhùn ni pé kí ẹ má wá ibì kan ṣoṣo. Ẹ wo ilé kan tó gùn: balùwẹ̀ méjì fara kọ ara wọn ní ìpẹ̀kun kan, ilé ìdáná wà ní ìpẹ̀kun kejì, mítà 14 láàárín wọn. Oníṣẹ́ á fẹ́ gbé hítà ńlá kan sí àárín méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má bàa ráhùn. Gbogbo ilé ni yóò máa dúró de omi nìyẹn. Èmi á gbé hítà kan sí ògiri tí balùwẹ̀ méjèèjì jọ ní, mítà méjì sí ṣáwà kọ̀ọ̀kan, kí n wá fi kékeré oníná sábẹ́ síǹkì ilé ìdáná. Ti ìdáná yẹn kò ní ju ìlàjì mítà lọ sí ẹnu ẹ̀rọ omi. Iṣẹ́ wáyà á pọ̀ sí i, mo gbà. Àmọ́ ẹni tó ń fọ abọ́ á ṣí omi, á sì rí i gbà.

Kí oníṣẹ́ tó gbé dírìlì sójú ògiri, ẹ gé páálí kan tó tó hítà náà ní gígùn àti fífẹ̀, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ yàn, kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn wò bóyá á gbá a. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá àyè wà lábẹ́ rẹ̀ fún fáàfù méjì àti garawa kan, torí bí omi yín bá jẹ́ èyí tó ń fi ẹfun sínú kẹ́tùlù, lọ́dọọdún ni ẹ ó máa gba ibẹ̀ fi fínígà fọ inú rẹ̀. Bí garawa kò bá wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ sún páálí náà sókè díẹ̀.